Bí Ilẹ̀ Oko Yín Ṣe Lè Máa Bọ́ Ara Rẹ̀ Bí Ilẹ̀ Igbó: Ìtọ́sọ́nà Lórí Náítírójìn fún Àgbẹ̀ Agbègbè Òṣogbo

Ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́ láti Ọjà Ìgbọ́nà dé Òkè-Baálẹ̀, bí wọ́n ṣe ń bi í ló kàn yàtọ̀: "Ta ló ń da fàtíláísà sí Igbó Òṣun tó fi tutù yọ̀yọ̀ lọ́dọọdún, tí oko tèmi tí mo ń ra àpò fún wá ń ṣá?" Kò sẹ́ni tó ń da nǹkan kan síbẹ̀. Igbó kì í fi ohun tó ní ṣòfò, ìyẹn ni ìdáhùn. Àwọn ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí wà fún ẹni tó ní oko kékeré, bóyá éékà kan tàbí méjì, tó ń gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́, iṣu, ata tàbí ẹ̀fọ́. Ẹ̀yin olóko kòkó àti ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀yìnkùlé nìkan, ẹ ó rí ìpín tiyín nísàlẹ̀.

## Kí ẹ tó gbé ọkọ́

Náítírójìn ni oúnjẹ tó ń mú ewé irè tutù yọ̀yọ̀. Nǹkan bí ìdá 78 nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí ló jẹ́ náítírójìn, ṣùgbọ́n irè oko kò lè fà á láti ibẹ̀. Bakitéríà, ohun abẹ̀mí tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí, ló ń sọ ọ́ di ohun tí gbòǹgbò lè mu. Èyí tó sì ti wà nínú ilẹ̀, ó ju ìdá 90 nínú ìdá 100 rẹ̀ lọ tó wà nínú ewé jíjẹrà, gbòǹgbò tó ti kú, ìgbẹ́ ekòló àti òkú kòkòrò. Inú ilẹ̀ dúdú òkè yẹn ni. Bí ọ̀gbàrá bá gbé e lọ, ó tán.

Nínú igbó, ewé máa ń wọ́ sílẹ̀ nígbà ọyẹ́. Òjò àkọ́kọ́ á dé, ikán, ọ̀kùn, ekòló àti olú á fọ́ ewé náà sí wẹ́wẹ́, bakitéríà kan á sọ ọ́ di amóníọ̀mù, òmíràn á sọ amóníọ̀mù di náítíréètì (oríṣi náítírójìn tí gbòǹgbò lè mu ni méjèèjì), gbòǹgbò tó ti wà ní ìkàlẹ̀ á sì gbà á kí omi tó gbé e lọ. Lóko, gbòǹgbò kì í sábà sí níbẹ̀ lásìkò yẹn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí náítírójìn ń gbà kúrò lóko:

- Iná. Ó ń bá èéfín lọ. Pótáṣíọ̀mù àti kálíṣíọ̀mù, oúnjẹ irè mìíràn, wà nínú eérú tó kù, ṣùgbọ́n náítírójìn ti lọ.
- Òjò. Náítíréètì ń bá omi wọlẹ̀ lọ kọjá ibi tí gbòǹgbò dé. Ilẹ̀ tí iyanrìn pọ̀ lókè rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa níhìn-ín, kì í lè dá a dúró.
- Afẹ́fẹ́. Náítírójìn inú yúríà (fàtíláísà náítírójìn) tàbí ìgbẹ́ adìẹ tí a dà sórí ilẹ̀ lásán á di gáàsì.
- Omi tó dúró. Ní àkùrọ̀ tí omi kò ti fà, bakitéríà tí kò rí afẹ́fẹ́ mí á sọ náítíréètì padà di gáàsì.
- Ìkórè. Èyí kò ṣeé yẹra fún, torí rẹ̀ la ṣe gbin nǹkan.

Ẹni tó bá ń ra àpò fàtíláísà láì dí mẹ́rin àkọ́kọ́ ń pọn omi sínú agbè tó jò. Torí náà, ẹ tẹ̀lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí bí mo ṣe tò wọ́n. Fàtíláísà ló kẹ́yìn, mo sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi í sẹ́yìn ni.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- ọkọ́, àdá, àti igi kan tí ẹ ti sàmì 20 cm sí lára
- àpò ìrẹsì tó ṣófo fún kíkó ewé
- irúgbìn ẹ̀wà, ẹ̀pà, sóyà tàbí òtílí
- ẹ̀ka agúnmaníyè tó ti gbó
- ìgbẹ́ adìẹ tó ti lé lóṣù kan nílẹ̀
- bọ́ọ̀tì òjò àti ìbọ̀wọ́, torí abẹ́ ewé gbígbẹ ni ejò àti àkeekèé ń gbé

Ìkìlọ̀: Ẹ má kó ewé tàbí ilẹ̀ dúdú nínú Igbó Òṣun. Hẹ́kítà 75 péré ni, UNESCO fi í sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 2005, èèwọ̀ ibẹ̀ sì ti wà kí UNESCO tó dé. Yàtọ̀ sí èyí, ewé tí ẹ bá kó kúrò níbẹ̀ ni oúnjẹ igi ibẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo ilẹ̀, ẹ wo ewé

1. Ẹ gbẹ́ ihò mẹ́ta tó jìn tó 20 cm: ọ̀kan níbi tí irè ti ń ṣe dáadáa, ọ̀kan níbi tí kò ti ṣe dáadáa, ọ̀kan létí igbó tàbí lábẹ́ igi tí ẹnikẹ́ni kò ro.
2. Ẹ wo ibi tí àwọ̀ dúdú parí sí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Ihò etí igbó ni òṣùwọ̀n yín.
3. Ẹ wá ekòló. Bí ẹ kò bá rí ẹyọ kan lásìkò òjò, oúnjẹ ti tán nínú ilẹ̀ yẹn.
4. Ẹ wo àgbàdo láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Orí ìgbésẹ̀ kẹrin yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àgbàdo tí ebi náítírójìn ń pa máa ń pọ́n láti ara ewé ìsàlẹ̀, ewé àgbà. Pípọ́n náà á bẹ̀rẹ̀ láti ṣónṣó ewé, á sì gba àárín ewé wọlé lọ sí ìdí, nígbà tí etí ewé ṣì tutù. Bó bá jẹ́ etí ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n tó sì gbẹ, pótáṣíọ̀mù ni ẹ máa wá. Bó bá jẹ́ ewé tuntun òkè ló pọ́n tí ìsàlẹ̀ sì tutù, kì í ṣe náítírójìn. Ẹ má ra yúríà nítorí ìyẹn.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yé sun gbogbo oko

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Iná kì í gba owó lébìrà, ó ń pa èpò, eérú sì ń mú irè ọdún àkọ́kọ́ jí pépé. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Irè ọdún kẹta ni kí ẹ bi í.

1. Ẹ ṣán igbó náà, kí ẹ sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó rọ.
2. Ẹ ṣa ẹ̀ka igi ńláńlá jọ sójú kan tàbí méjì. Èyí tí ẹ kò bá lè lò fún ìdáná nìkan ni kí ẹ sun.
3. Ẹ fọ́n eérú rẹ̀ ká oko, ẹ má fi í sílẹ̀ sójú kan.
4. Ẹ fi ewé àti koríko sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ewé Akíntọ́lá dára fún èyí, ó tètè ń jẹrà.
5. Ẹ ro ààlà oko yíká ní fífẹ̀ mítà 2 sí 3 kí ọyẹ́ tó le, torí iná ọlọ́dẹ tàbí ti oko kejì kò mọ̀ pé ẹ ti jáwọ́.

Ẹni tí èpò ti borí oko rẹ̀ tí kò sì lè ṣe láì sun ún, kó sun ún nígbà tí òjò kan tàbí méjì bá ti rọ̀, tí ilẹ̀ tutù. Iná ibẹ̀ kì í jinlẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ bo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ irú ewé

Gbogbo àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu mọ̀ pé à ń fi koríko dé ebè lórí kí oòrùn má bàa jẹ irúgbìn. Ohun kan náà ni, àfi pé gbogbo oko la máa bò.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni iye kábọ́ọ̀nù (èròjà tó pọ̀ jù nínú igi àti ewé gbígbẹ) tó bá ẹyọ náítírójìn kan rìn nínú ohun tí ẹ fi bò ó. Bakitéríà tó ń jẹ ewé nílò méjèèjì. Bí kábọ́ọ̀nù bá ju nǹkan bí 30 lọ sí náítírójìn 1, náítírójìn inú ewé kò ní tó bakitéríà, yóò yá ti inú ilẹ̀, irè yín á sì pọ́n. Bí kò bá tó 20, èyí tó ṣẹ́kù á bọ́ sọ́wọ́ irè. Ẹ fi èyí mọ ohun tí ẹ ní nítòsí:

- Ewé agúnmaníyè tútù àti ewé jogbo (ewéko olódòdó àwọ̀ yẹ́lò tó kún etí títì ká gbogbo Òṣun): láàárín nǹkan bí 10 sí 20. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti jẹrà. Jogbo ni mo fẹ́ràn jù, torí ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gé e kó tó so èso, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó gbìn ín sóko yín.
- Igi ẹ̀wà àti ẹ̀pà lẹ́yìn ìkórè: nǹkan bí 20 sí 30. Ó dára.
- Ewé igi gbígbẹ: 40 sí 80. Ó dára fún bíbo ilẹ̀ àti dídá èpò dúró. Ẹ má rì í mọ́lẹ̀. Ewé tíìkì nípọn, ó sì máa ń pẹ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́.
- Pòròpòrò àgbàdo: nǹkan bí 60. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín poro.
- Ìyẹ̀ pákó láti ibi ìlagi: 200 sí 500. Ewu ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìyẹ̀ pákó yìí, torí pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kó o fúnni, ó sì rẹwà lójú lórí ebè ẹ̀fọ́. Ẹni tó bá rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀, tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ á hù, á ga ní ìka méjì, á dúró síbẹ̀, ewé rẹ̀ á sì funfun. Ilẹ̀ kò ṣá, bakitéríà ló ń jẹun lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ọ̀nà rẹ̀ ni pé kí ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gba ilé adìẹ kọjá. Ìyẹ̀ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ adìẹ títí ó fi kún fún ìgbẹ́, tí a wá kó jọ, tí a bò, tó sì jẹrà, ohun rere ni.

Bí ẹ ṣe máa tẹ́ ẹ:

1. Ẹ dúró kí òjò tó rin ilẹ̀. Bíbo ilẹ̀ gbígbẹ ń pe ikán, ikán tó bá sì tán ewé lè bọ́ sí ìdí ẹ̀gẹ́.
2. Ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ nípọn tó 5 sí 8 cm. Ewé tútù, kó nípọn díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí yóò rọ.
3. Ẹ fi ìka mẹ́rin sílẹ̀ láàárín ewé àti ìdí irè.
4. Bí ẹ bá ti ń rí ilẹ̀ lójú, ẹ fi kún un.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ẹ ṣí ewé náà kúrò lójú kan. Ewé òkè á ṣì gbẹ, ti àárín á ti di iṣan lásán, ti ìsàlẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ ó sì rí nǹkan funfun tín-ín-rín tó na ara rẹ̀ láti ewé kan sí èkejì. Olú ni. Kì í ṣe àrùn, ẹ má fi oògùn sí i.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gbin ohun tó ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́

Ẹ̀wà, ẹ̀pà, sóyà àti òtílí ń gba bakitéríà lálejò nínú kókó kéékèèké orí gbòǹgbò wọn. Ẹ gbìn wọ́n sáàárín àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́, tàbí kí ẹ gbìn wọ́n lẹ́yìn àgbàdo òjò àkọ́kọ́.

Kì í ṣe gbogbo igi tó so pódi (èso elépo bíi ti ẹ̀wà) ló ń ṣe é. Kásíà tí a gbìn káàkiri fún igi ìdáná kì í ní kókó lórí gbòǹgbò. Ayùnrẹ́ ní tirẹ̀ ń ṣe é.

Láti mọ̀ bóyá tiyín ń ṣiṣẹ́:

1. Nígbà tí ẹ̀wà bá ń yọ òdòdó, ẹ yan bíi márùn-ún káàkiri oko.
2. Ẹ má fà á tu. Ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ yíká, kí ẹ rọra gbọn ilẹ̀ dànù. Bí ẹ bá fà á tipátipá, kókó á já sínú ilẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé kò ní.
3. Ẹ fi èékánná la kókó kan sí méjì.

Inú pupa: iṣẹ́ ń lọ. Inú funfun: kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ ewé tàbí eérú: iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Bí ẹ kò bá rí kókó rárá, ó lè jẹ́ pé ẹ ti da yúríà sí i (ẹ̀wà tó bá rí náítírójìn lọ́fẹ̀ẹ́ kì í pe àlejò kankan), tàbí kí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kéré nínú ilẹ̀. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà kì í ṣàṣàyàn, bakitéríà ilẹ̀ wa tó wọn. Sóyà ló máa ń ṣàṣàyàn. Fún un, ẹ lè po irúgbìn pọ̀ mọ́ bakitéríà tí wọ́n ń tà, bíi NoduMax tí wọ́n ṣe ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn. Ohun abẹ̀mí ni, kò gbọdọ̀ rí oòrùn, ọjọ́ tí ẹ bá sì pò ó náà ni kí ẹ gbìn ín.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: a kórè ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà, a fa gbogbo igi rẹ̀ tu, ewúrẹ́ jẹ ẹ́ tán nílé, a sì ń retí pé ilẹ̀ ti jèrè. Inú èso ni èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn wà. Ohun tó kù wà nínú ewé, ẹ sì ti kó o lọ. Ẹ ká ẹ̀wà, kí ẹ fi igi rẹ̀ sílẹ̀. Ti ẹ̀pà, ẹ já èso rẹ̀ lóko. Bí ewúrẹ́ bá gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, ẹ dá ìgbẹ́ ewúrẹ́ padà sóko.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ gbin agúnmaníyè

1. Ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó mítà 1 sí 1.5 kí òjò tó fìdí múlẹ̀.
2. Ẹ gún un sílẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, mítà 4 láàárín ọ̀wọ́ kan sí èkejì, ìdajì mítà láàárín igi méjì.
3. Ẹ fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan kí ẹ tó kọ́kọ́ gé e.
4. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gé e ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 síra lásìkò tí irè wà nílẹ̀, kí ẹ da ewé rẹ̀ sí ìdí irè.

Bí ẹ kò bá gé e lásìkò, yóò ṣíji bo àgbàdo, ẹ ó sì máa bú igi.

Bí ilẹ̀ kì í bá ṣe tiyín, ẹ dúró ná. Gbogbo wa mọ ohun tí igi gbígbìn túmọ̀ sí lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bá onílẹ̀ sọ ọ́, níwájú ẹlẹ́rìí bó bá ṣeé ṣe. Bó bá kọ̀, ẹ gbin òtílí: ọdún kan sí méjì ló ń lò, kò sí ẹni tó máa bá yín fa wàhálà lórí rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ gba òjò àkọ́kọ́ mú

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rin ilẹ̀ tó ti gbẹ fún oṣù mélòó kan, bakitéríà á jí lẹ́ẹ̀kan náà, náítírójìn á sì tú jáde lọ́pọ̀ yanturu. Kì í pẹ́ tó fi ń lọ. Àgbàdo tí a gbìn nígbà tí òjò ti ń rọ̀ déédéé ló ń jẹ nínú rẹ̀. Èyí tó pẹ́ títí di ìgbà tí òjò le, omi ti ṣáájú rẹ̀ jẹun. Ẹ má sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ lófìfo láàárín àgbàdo àkọ́kọ́ àti ti ẹlẹ́ẹ̀kejì.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ìgbẹ́ adìẹ àti fàtíláísà

Ìgbẹ́ adìẹ tútù ń jó irè. Èyí tó ti lé lóṣù kan nílẹ̀ ni kí ẹ rò mọ́ ilẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kí ẹ tó gbìn. Òórùn tó ń gún yín nímú bí ẹ bá ṣí àpò rẹ̀, náítírójìn tí ẹ fowó rà ló ń lọ yẹn. Ẹ bo òkìtì rẹ̀ dáadáa.

Kí ẹ tó ra fàtíláísà, ẹ ṣírò. Àpò yúríà 50 kg ní náítírójìn 23 kg. Àpò NPK 15-15-15 ní 7.5 kg péré, pẹ̀lú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pótáṣíọ̀mù. Ẹ fi 23 pín owó yúríà, kí ẹ fi 7.5 pín owó NPK, ẹ ó mọ èyí tó dín owó bó bá jẹ́ náítírójìn nìkan lẹ ń wá.

- Ẹ pín in sí méjì: NPK ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn tí àgbàdo hù, yúríà ní ọ̀sẹ̀ 5 sí 6.
- Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó 5 cm, kó jìnnà sí ìdí irè ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí ẹ sì bò ó.
- Bí ojú ọjọ́ bá ṣú gidigidi, ẹ fi í di ọ̀la.
- Ẹ má po eérú mọ́ yúríà tàbí ìgbẹ́ adìẹ láé. Eérú ń lé náítírójìn jáde bíi gáàsì. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é torí pé àwọn méjèèjì "dára". Wọ́n dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà láàárín wọn.
- Ní àkùrọ̀, ẹ la ọ̀nà omi, kí ẹ kọ ebè gíga kí ẹ tó ronú fàtíláísà.

## Ẹ̀yin olóko kòkó

Oko yín ló sún mọ́ igbó jù, ẹ má bà á jẹ́. Ẹ má gbá ewé abẹ́ kòkó. Ẹ dá ayùnrẹ́ sí fún ìbòòji. Èèpo kòkó, ẹ má kó o jọ sábẹ́ igi tútù, torí àrùn tó ń sọ pódi kòkó di dúdú ń ti ibẹ̀ tàn. Ẹ jẹ́ kó jẹrà níta kí ẹ tó dá a padà.

## Bó bá jẹ́ ẹ̀yìnkùlé lẹ ní

1. Ẹ fi pákó tàbí páànù ṣe àpótí tó fẹ̀ tó mítà 1, tó sì ga tó mítà 1.
2. Ẹ da apẹ̀rẹ̀ ewé gbígbẹ 3 sí apẹ̀rẹ̀ kan ewé tútù tàbí ìgbẹ́ adìẹ, ní ìpele ìpele.
3. Ẹ wọ́n omi sí i. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó kán ẹ̀kán kan tàbí méjì, kó má ṣàn.
4. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀. Ó yẹ kó gbóná. Bó bá tutù, ewé tútù kò tó; bó bá ń rùn, omi tàbí ìgbẹ́ ti pọ̀ jù.
5. Ẹ máa yí i ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ẹ lè kó o sí ìdí ẹ̀fọ́.

Inú ọ̀rá rírà ni ọ̀pọ̀ ewé tí a gbá ní Òṣogbo máa ń parí sí, tàbí nínú iná ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá bẹ àwọn aládùúgbò, ẹ ó rí ju ohun tí ẹ lè lò lọ. Ẹ ṣa ọ̀rá àti bátìrì kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó dà á sínú àpótí.

## Àyẹ̀wò ilẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ náwó gidi sórí fàtíláísà, kó kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò. Ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní OAU, Ilé-Ifẹ̀, ni kí ẹ ti kọ́kọ́ bèèrè. Kò jìnnà sí wa.

1. Ẹ bu ilẹ̀ láti ojú ibi 15 sí 20 bí ẹ ṣe ń rìn wọ́kọwọ̀kọ la oko já, 0 sí 15 cm ní jíjìn. Ẹ yẹra fún ojú ibi tí ẹ ti sun igi, ẹsẹ̀ ògán àti ibi tí a máa ń so ẹran mọ́.
2. Ẹ pò ó pọ̀ nínú ike tó mọ́. Ẹ má lo àpò fàtíláísà tàbí ike ìgbẹ́ adìẹ, yóò purọ́ fún yín.
3. Ẹ sá a níbòòji, ẹ má yan án lórí iná.
4. Ẹ wọn bí ìdajì kílò, kí ẹ kọ orúkọ oko, ọjọ́ àti ohun tí ẹ gbìn kẹ́yìn sí i.

Bí èsì bá dé, iye náítírójìn tí kò bá tó 0.15% ni wọ́n sábà ń kà sí kíkéré lọ́dọ̀ wa. Ẹ wo iye kábọ́ọ̀nù náà. Bí kábọ́ọ̀nù bá kéré, ewé ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé lórí, kí ẹ tún ilẹ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún méjì, ní oṣù kan náà àti ní ojú ibi kan náà.